Bí Ẹ Ṣe Lè Ta Mọ́tò Tó Ti Rìn Jìnnà Láìfi Àléébù Rẹ̀ Pamọ́

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ọjà yòókù. Ṣùgbọ́n tó bá kan mọ́tò tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí òǹkà rẹ̀ ti kọjá 300,000 kìlómítà, òwe yẹn yí padà. Ẹni tó fẹ́ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ kó tó kúrò nílé pé nǹkan kan ń ṣe é. Ohun tí kò mọ̀ ni èwo gan-an. Bí ẹ ò bá sọ fún un, gbogbo àìsàn tí mọ́tò lè ní ni yóò kà sí i lọ́rùn, owó gbogbo wọn ni yóò sì fẹ́ yọ.

Àléébù tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa jẹ nínú owó yín. Èyí tí oníbàárà bá fi ojú ara rẹ̀ rí lẹ́yìn tí ẹ ti ní "kò sí nǹkan tó ṣe é", yóò jẹ nínú owó, oníbàárà kò sì ní gba gbogbo ohun rere tí ẹ ti sọ nípa mọ́tò náà gbọ́ mọ́.

Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò fúnra rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa wà á ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí mọ́tò náà kò bá lè rìn mọ́, tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju iye tó máa tà lọ, ẹ tà á fún àwọn tó ń tú mọ́tò fún ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Ìyẹn ò gba ọgbọ́n púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ìwé jọ

Ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, ìwé ìforúkọsílẹ̀, àti gbogbo rìsíìtì àtúnṣe tí ẹ bá rí. Ẹ yẹ nọ́ńbà ṣáásì wò. Mọ́tò tí wọ́n ṣe láti 1981 síwájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló sábà máa ń ní, ẹ sì lè rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lára òpó ẹnu ọ̀nà dẹ́rẹ́bà. Kí ti ara mọ́tò bá ti inú ìwé mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ san án tán kí ẹ tó polówó.

Bí rìsíìtì bá ti sọ nù, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí: ọdún wo ni ẹ pààrọ̀ bátìrì, ọdún wo ni ẹ ṣe bíréèkì, kìlómítà mélòó ló wà lórí òǹkà nígbà náà. Ẹ kọ "rìsíìtì wà" síwájú èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́, kí ẹ kọ "mo rántí" síwájú ìyókù. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn máa ń fi ọkàn ẹni tó ń rà balẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ojú ẹni tó fẹ́ rà wo mọ́tò yín

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ má kánjú. Ẹni tó ti ń wa mọ́tò kan fún ọdún mẹ́wàá kì í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́, etí ti mọ́ ọn lára. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í wọ mọ́tò yín, ẹ gbé e jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó máa béèrè pé, "Kí ló ń dún kò-kò yẹn?" Kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má bá a jà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò yìí, ẹ tẹ́ páálí ńlá kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, páálí á ti jẹ́wọ́. Bí ohun tó kán sí i bá dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá pupa, ẹ fura sí ọ́ìlì jíà tàbí ti sítíárìn. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn, tó ṣàn bí omi, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, omi rẹdiétọ̀ ni. Omi lásán tí kò láwọ̀ tí kò rùn, AC tí ẹ lò kí ẹ tó páàkì ló tu ú sílẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná láàárọ̀, ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn mọ́tò bí ẹ ṣe ń sítáàtì rẹ̀, kó máa wo ẹnu páìpù èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá jáde díẹ̀ nígbà ìsítáàtì, tó sì lọ, rọ́bà orí fáàfù ló sábà máa ń fà á. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ epo mọ́lẹ̀ ló ń tú jáde, ó ṣeé ṣe kí ríìǹgì písítìn ti jẹ. Èéfín funfun tó ki, tí kò lọ bọ̀rọ̀, tó sì ń rùn bí nǹkan dídùn, omi rẹdiétọ̀ ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Èéfín dúdú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Àmọ́ oru funfun tó parẹ́ kíá nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, omi lásán nìyẹn, kó má já yín láyà.

Bí mọ́tò yín bá ń mu ọ́ìlì, ẹ má kàn sọ pé "ó ń mu díẹ̀". Ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì òkè lára ọ̀pá tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wa mọ́tò náà fún 1,000 kìlómítà, kí ẹ wá wọn iye tí ẹ máa fi kún un kó tó padà dé àmì yẹn. "Ó ń mu ìdajì lítà ní 1,000 kìlómítà" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń rà lè fi ṣe ìṣirò. Díẹ̀ tiyín àti díẹ̀ tirẹ̀ lè má jọra rárá.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Bí nǹkan funfun tó dà bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, omi lè ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ń wà lọ sí ìtòsí nìkan nígbà òtútù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. Èmi á tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bó bá jẹ́ 3519, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kà á bí ẹni ń kà oṣù àti ọjọ́. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe jìn tó pẹ̀lú: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí kò bá tó mílímítà 1.6 mọ́, òfin ò gbà kí ó wà lójú títì.

Lẹ́yìn náà ẹ wà á jáde. Ṣé ó ń fà sí apá kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì? Ṣé sítíárìn ń gbọ̀n nígbà tí eré bá pọ̀? Ṣé jíà ń já gììrì, tàbí ó ń pẹ́ kó tó wọlé? Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì tó wà nínú ẹ̀, títí kan fèrèsé ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín nígbà wo ni wọ́n pààrọ̀ timing belt gbẹ̀yìn, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa ṣiṣẹ́ ní àkókò tó bára mu, bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín nǹkan bí 100,000 sí 160,000 kìlómítà. Tó bá já lójú ọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn, ìparí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Nítorí náà, "mi ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní owó nínú, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́.

Ó ku iná ẹ́ńjìnnì tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi ẹ̀rọ sìkánà kékeré, èyí tó ń ka kóòdù àìsàn láti inú kọ̀ǹpútà mọ́tò, yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, àti èyí tó ń lo bẹntiróòlù ní Yúróòpù láti 2001, ló ní ojú ihò kan náà tí wọ́n ń kì í bọ̀. Ẹ kọ kóòdù tó bá gbé jáde sílẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Bí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò á tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba ìrìn ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá mú sìkánà tirẹ̀ wá máa rí i pé àyẹ̀wò ò tíì parí, á sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú rẹ̀ nù.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fi owó ara mi kọ́. Mo ra mọ́tò kan nígbà kan tí iná yẹn kò tàn rárá, inú mi dùn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì kan ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìsítáàtì: gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, àfi ti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó tà á fún mi ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò. Látìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe nínú mọ́tò tí mo fẹ́ rà nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń fi han ẹni tó fẹ́ ra tèmi náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èyí tó yẹ kí ẹ tún ṣe, èyí tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀

Ẹ pààrọ̀ gílóòbù tó ti jó, wáípà tó ti gbẹ, fíúùsì tó ti já. Ẹ fọ mọ́tò, ẹ gbá inú rẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹrù yín tó wà nínú búùtù. Ohun tí kò wọ́n, tó sì ń bí ojú nínú, ẹ ṣe é.

Iṣẹ́ ńlá ni kí ẹ fi sílẹ̀. Owó tí ẹ bá fi tún jíà mọ́tò àtijọ́ ṣe kì í sábà padà wọ àpò yín nígbà tí ẹ bá tà á. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ yọ owó rẹ̀, ó tán.

Bíréèkì àti sítíárìn ni mo yọ sọ́tọ̀. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá lè pa èèyàn, ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ. Kíkọ ọ́ sínú ìwé nìkan kò tó.

Èyí tí mo kórìíra jù ni fífi ọ̀ṣọ́ bo àléébù mọ́lẹ̀: rírọ ọ́ìlì tó ki gan-an kí ariwo ẹ́ńjìnnì lè rọlẹ̀, dída oògùn dí-ihò sínú rẹdiétọ̀, kíkun ọ̀dà dúdú lórí ibi tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀. Kódà fífọ ẹ́ńjìnnì títí tó fi ń dán lè pa yín lára, nítorí ẹni tó mọ mọ́tò á béèrè ohun tí ẹ fọ̀ kúrò níbẹ̀. Eruku ọjọ́ pípẹ́ tí kò ní ojú ọ́ìlì kankan nínú máa ń sọ̀rọ̀ yín dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo tó, ojú kan. Fún àléébù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Ibi tí ẹ ò bá ti mọ ìdí, ẹ kọ pé ẹ ò mọ̀. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí ẹ bá kọ pé "sẹ́ńsọ̀ lásán ni", tó wá já sí ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti purọ́ láìmọ̀. Bí mẹkáníìkì bá ti sọ èrò tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èrò mẹkáníìkì.

Ẹ wo bí ti mọ́tò tí mo tà kẹ́yìn ṣe lọ:

"Òǹkà: 341,200 kìlómítà. Ó ń mu ọ́ìlì, ìdajì lítà ní 1,000 kìlómítà, láti bí ọdún méjì. Èéfín búlúù máa ń jáde díẹ̀ láàárọ̀, kì í jáde mọ́ tó bá ti gbóná. Ariwo kan ń dún lẹ́sẹ̀ iwájú ọ̀tún tí mo bá gun gegele. Mẹkáníìkì rò pé ṣọ́ọ̀kì ni, a ò tíì tú u. AC kò tutù, mi ò tíì yẹ ìdí rẹ̀ wò. Wọ́n gbá a lẹ́yìn rí, wọ́n pààrọ̀ báńpà, wọ́n sì tún un kùn. Fọ́tò rẹ̀ wà. Ibi tó ti dógùn-ún wà lábẹ́ ẹnu ọ̀nà òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bátìrì kò tíì pé ọdún kan, rìsíìtì wà. Timing belt: wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 290,000, rìsíìtì wà."

Kò gùn. Ẹ sì rí i pé ohun tó dára náà wà nínú rẹ̀. Òtítọ́ kì í ṣe pé kí ẹ máa bú mọ́tò yín. Ẹni tó rà á ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ lòun lè tún ṣe fúnra òun, ó sì sanwó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òǹkà

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Yíyí òǹkà sẹ́yìn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, rìsíìtì àtijọ́ kan ṣoṣo sì lè tú àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù rí, ẹ kọ iye tó wà lórí ti tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òǹkà àtijọ́ tó ní nọ́ńbà márùn-ún péré, ẹ sọ iye ìgbà tó ti yí padà sí òdo. Ẹ kọ bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà, nítorí 200,000 máìlì jẹ́ nǹkan bí 322,000 kìlómítà. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ má tìtorí iye tó wà níbẹ̀ bojú wolẹ̀. Irv Gordon, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, ra Volvo P1800 tuntun ní 1966, nígbà tó fi di 2013 ó ti rin mílíọ̀nù mẹ́ta máìlì. Ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, kì í ṣe ìlérí fún mọ́tò yín, àmọ́ ó fi hàn pé bí wọ́n ṣe tọ́jú mọ́tò àti irú ọ̀nà tó rìn ṣe pàtàkì bí iye tó rìn. Bó bá jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìrìn tiyín, ẹ sọ ọ́. Ìrìn tó ń lọ geere kì í jẹ bíréèkì àti jíà bí ìdúró-dìde àárín ìlú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iye owó

Ẹ wá irú mọ́tò yín tí ọdún àti ìrìn wọn sún mọ́ ara, kí ẹ wo iye tí wọ́n ń pè é. Iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń tà, ẹ rántí. Lẹ́yìn náà ẹ yọ owó àtúnṣe tó pọn dandan, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ṣe pè é, kì í ṣe bí ọkàn yín ṣe fẹ́. Ẹ fi àyè ìdúnàádúrà díẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mọ́tò náà jẹ́ fún yín, ìrìnàjò tí ẹ fi rìn, ọmọ tí ẹ fi gbé lọ sílé ìwé, kò sí ẹni tó máa sanwó ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpolówó àti fọ́tò

Ẹ kọ àléébù mẹ́ta tó tóbi jù sínú ìpolówó gan-an, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá pè yín. Ìpè á dínkù, ṣùgbọ́n àwọn tó bá pè á jẹ́ àwọn tó fẹ́ rà. Ẹ ya ibi tó ti dógùn-ún, kí ẹ fi ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya òǹkà. Ẹ fi fídíò ìsítáàtì àárọ̀ kún un, láti ìgbà tí ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́, kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù hàn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ tí oníbàárà bá dé

Ẹ má sítáàtì mọ́tò kó tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kí oníbàárà tó wọlé máa ń mú kó fura, ó sì tọ́ kó fura. Ẹ fún un ní ìwé àléébù kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dákẹ́, kó kà á. Bó bá ní òun fẹ́ mú mẹkáníìkì wá, ẹ gbà kíákíá.

Kó tó wà á, ẹ wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ìbánigbófò bo ẹlòmíràn tó bá wà á, kí ẹ sì bá a jókòó. Ojú ọ̀nà tó ní gegele ni kí ẹ mú un gbà, kí ariwo tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn lè dún ní etí rẹ̀.

Nígbà ìdúnàádúrà, á tọ́ka sí AC. Ẹ lè dá a lóhùn wẹ́rẹ́ pé, "Òótọ́ lẹ sọ, ó wà nínú ìwé, mo ti yọ owó ẹ̀ kí n tó pe iye yìí." Bó bá rí ohun tuntun tí kò sí níbẹ̀, ẹ gbà pé ó rí i, kí ẹ kọ ọ́ kún un lójú rẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ owó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé àti owó

Ẹ kọ ìwé títà ní ẹ̀dà méjì: orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà ṣáásì, iye tó wà lórí òǹkà, iye owó, ọjọ́, àti aago. Ẹ kọ pé ó rà á bó ṣe wà. Ẹ so ìwé àléébù mọ́ ọn, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn "bó ṣe wà" kì í sábà gba ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ sílẹ̀, ìwé àléébù tí oníbàárà fọwọ́ sí ló máa gbè yín.

Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín àfi tí ẹ bá ti rí owó nínú àkáǹtì yín fúnra yín. Àwòrán tó wà lórí fóònù rẹ̀ tó ní òun ti fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó. Bó bá jẹ́ sọ̀wédowó ilé ìfowópamọ́, ẹ jẹ́ kí ilé ìfowópamọ́ tó kọ ọ́ jẹ́rìí sí i.

Lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ fi tó ọ́fíìsì tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ létí pé ẹ ti tà á, kí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà ẹlòmíràn má baà wá kan yín. Ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá nọ́ńbà ara mọ́tò á bá a lọ tàbí ẹ máa yọ ọ́. Ẹ dá ìbánigbófò dúró, ẹ yọ fóònù yín kúrò nínú Bluetooth rẹ̀, ẹ wo abẹ́ àga bóyá ohun kan ti jábọ́ síbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó pè yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó kàn fẹ́ mọ ibi tí bọ́tìnì kan wà ni, tàbí irú ọ́ìlì tí ẹ máa ń rọ. Ẹ̀dà ìwé yín wà lọ́wọ́. Ẹ fi pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan.